Bí a ṣe ń tún bíréèkì tírélà ogun M105A2 ṣe, tí a sì ń tú afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì rẹ̀ dànù

Bí wọ́n bá ń bílíìdì bíréèkì, ìyẹn ni pé wọ́n ń lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì rẹ̀, ní ọgbà mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, ọmọ iṣẹ́ ni yóò jókòó sínú ọkọ̀, ọ̀gá á sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá á ké: "Pọ́ńpù!" Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. "Dì í mú!" Ọmọ á fẹsẹ̀ dì í mú, ọ̀gá á tú nípù, ìyẹn bóòtì kékeré oníhò tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ táyà, ọ́ìlì á fọ́n jáde tòun ti ìfófòó. Ọ̀gá á tún nípù dé, á ní kó gbẹ́sẹ̀ kúrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Tírélà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ní ìjókòó, kò ní pẹ́dà, kò sì síbi tí ọmọ iṣẹ́ máa gbé ẹsẹ̀ lé. Afẹ́fẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó lágbára tí kì í sìí gbọ́ "ó tó" ni.

M105A2 ni orúkọ tírélà náà. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe é láti máa kó ẹrù tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, ọkọ̀ M35 tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ló sì máa ń fà á. Bí ìjọba bá ti lò ó tán, wọ́n á lù ú ní gbànjo, àwa tí a ń dáko díẹ̀díẹ̀ ní ìgbèríko Texas á sì rà á, nítorí irin rẹ̀ nípọn, owó rẹ̀ kò sì ga. Ọ̀kan wà lóko wa. Ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, pàápàá èyí tí mo fi ìyà kọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n kí a tó tú u. Họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ méjì ló máa ń so tírélà yìí mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Wọ́n kọ SERVICE sí ẹnu ọ̀kan, wọ́n kọ EMERGENCY sí ti èkejì. EMERGENCY ló ń kún táǹkì afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ tírélà, afẹ́fẹ́ kì í sìí wọ́n nínú rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. SERVICE ní tirẹ̀ máa ń ṣófo títí awakọ̀ yóò fi tẹ bíréèkì. Bó bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á rìn wá, á kan fáàfù kan lábẹ́ tírélà, fáàfù náà á sì ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ inú táǹkì láti ya wọ inú ìkòkò irin kan tó ní róbà nínú. Róbà ìkòkò yìí á ti ọ̀pá, ọ̀pá á ti màsítà (ohun tó gbé ọ́ìlì bíréèkì dání), màsítà á ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á gba inú páìpù dé sílíńdà inú ẹsẹ̀ táyà, sílíńdà á sì ya ṣúù méjèèjì (irin títẹ̀ tó ń mú bíréèkì) sí ọ̀tún àti òsì kí wọ́n lè fara gbún dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn irin tó rí bí ìlù tó ń bá táyà yí.

Ẹ rí i pé bíréèkì méjì ló wà nínú ẹyọ kan: ti afẹ́fẹ́ láti iwájú dé ìkòkò, ti ọ́ìlì láti màsítà dé ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ní ààyè tirẹ̀, ọ́ìlì ní tirẹ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ ibi tí ọ́ìlì wà ni wàhálà máa ń dé, nítorí afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀. Gbogbo agbára tó yẹ kó ti ṣúù, ìfófòó ni yóò máa fún.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bí họ́ọ̀sì EMERGENCY bá já, fáàfù yẹn á da gbogbo afẹ́fẹ́ inú táǹkì sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, tírélà á sì dúró gbọin. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ó má baà sá kiri bó bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tírélà tó ti dúró sínú koríko fún ọdún mẹ́ta, afẹ́fẹ́ inú táǹkì rẹ̀ ti jò tán. Ẹni tó bá fi píkọ́ọ̀pù fà á kúrò lọ́jà gbànjo lè rò pé bíréèkì rẹ̀ dára nítorí pé táyà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò ní bíréèkì rárá ni. Píkọ́ọ̀pù kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò fún un. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló sì ní òfin tirẹ̀ lórí ìwọ̀n tírélà tó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó gbé e sójú títì.

Ọ́ìlì wo ló wà nínú rẹ̀?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Irú ọ́ìlì bíréèkì méjì ló wà tí kì í bá ara wọn gbé. DOT ni àmì òdiwọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ sára ike ọ́ìlì bíréèkì. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: wọ́n máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, wọ́n sì máa ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀ bí wọ́n bá kán sí i. DOT 5 ní tirẹ̀, sílíkónì ni. Kì í fa omi, kì í bó ọ̀dà. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín o: 5.1 kì í ṣe àbúrò 5, ìdílé ọ̀tọ̀ ló ti wá.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń kó ọkọ̀ àti tírélà wọn bọ́ sórí sílíkónì, nítorí ohun èlò wọn máa ń jókòó pẹ́ kí wọ́n tó lò ó, wọn kò sì fẹ́ ọ́ìlì tí yóò máa mu omi bó ti jókòó. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DOT 5 ló wà nínú tírélà tí ẹ rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ṣáájú yín lè ti da ohun tó bá wù ú sí i.

Àwọ̀ àlùkò ni wọ́n máa ń pa sílíkónì láró, ṣùgbọ́n aró náà máa ń ṣá bó bá pẹ́, á wá pọ́n bí oyin, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí DOT 3 mọ́. Ẹ má fi ojú ṣèdájọ́. Ẹ bu omi sí ààbọ̀ ìgò funfun kan tó mọ́, kí ẹ fi sìríǹjì fa ọ́ìlì díẹ̀ láti inú màsítà, kí ẹ kán an sí omi náà, kí ẹ mì í, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá yọ́ mọ́ omi tí ẹ kò rí i mọ́, ọmọ ilé DOT 3 ni. Bó bá padà léfòó sókè bí epo pupa lórí ọbẹ̀, sílíkónì ni. Bó bá ṣe méjèèjì, tí apá kan yọ́ tí apá kan léfòó, ẹnì kan ti pò wọ́n pọ̀, gbogbo róbà inú bíréèkì náà ni ẹ máa pààrọ̀, gbogbo páìpù ni ẹ sì máa fọ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà máa ń léfòó, òun ló sì burú jù: ó máa ń mú kí róbà bíréèkì wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi.

Mo sọ pé mo fi ìyà kọ́ nǹkan. Ẹni tó ta tírélà wa fún wa sọ pé DOT 3 ni òun ń bù sí i. Mo gbà á gbọ́, mo ra DOT 3, mo bù ú kún un, mo bílíìdì rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn oṣù kan, bíréèkì ẹsẹ̀ kan kò tú sílẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo ṣí màsítà, mo bá ipele méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí ìkejì, pẹ̀lú ìdọ̀tí kan láàárín wọn tó rí bí èkúrú tó bàjẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìgò funfun àti omi ẹ̀rọ ni ì bá gbà mí.

Èwo ni kí ẹ wá lò? Bó bá jẹ́ sílíkónì ló wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tírélà oko máa ń jókòó ju bó ṣe ń rìn lọ, iṣẹ́ sílíkónì sì nìyẹn. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205°C, bó bá sì ti mu omi, 140°C ni. Ti DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Ti DOT 5 jẹ́ 260 àti 180. Àléébù sílíkónì ni pé afẹ́fẹ́ máa ń há sí i lára bí ẹ bá mì í tàbí tí ẹ bá dà á kíákíá, àti pé omi tó bá ráyè wọlé kò ní yọ́ mọ́ ọn: á ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, ìyẹn ìdí sílíńdà ẹsẹ̀, á sì máa jẹ irin níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa tú sílíńdà wò, kì í ṣe pé ká kàn máa bílíìdì.

Ṣé afẹ́fẹ́ ló fa á lóòótọ́?

Bí bíréèkì bá ti rọ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn ni bílíìdì. Lára tírélà yìí, ṣúù tó ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù ló máa ń fa á lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣúù ti jẹ, kò sẹ́ni tó àjọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn kó sún un mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ọ̀pá ìkòkò afẹ́fẹ́ wá ń rìn títí dé òpin rẹ̀ kí ṣúù tó kan dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bílíìdì rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ àjọ́ọ̀sì ṣúù (mo máa ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), kí ẹ wá jẹ́ kí ẹnì kan fún bíréèkì ní afẹ́fẹ́ kí ẹ sì máa wo ọ̀pá tó wà láàárín ìkòkò àti màsítà. Bó bá rìn díẹ̀ tó sì dúró gbọin, kò sí afẹ́fẹ́ nínú ọ́ìlì yín. Bó bá rìn jìnnà tó sì ń ta padà bíi sípíríìnì, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Bó bá dúró, tó tún wá ń yọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ọ́ìlì ń jò níbì kan, bóyá síta, bóyá kọjá róbà inú màsítà. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ni kí ẹ fi wò ó. Ọ̀pá yẹn lè gé ìka.

Gbígbé e sókè

Orí ilẹ̀ títẹ́jú tó le ni. Ẹ fi igi dí táyà kejì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ iwájú tírélà lé ilẹ̀ dáadáa tàbí kí ẹ so ó mọ́ ọkọ̀. Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì ìdí táǹkì, kí afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀ jáde tán. Bí omi tó jáde bá pọ̀, ẹ ti rí ọ̀kan lára ohun tó ń ba fáàfù jẹ́. Ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó jáàkì. Ẹ wo orí bóòtì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi agbára sí i: bí ẹ bá rí lẹ́tà L, apá òdìkejì ni nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń yí sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣẹ́ bóòtì nítorí lẹ́tà kékeré yìí. Ẹ jáàkì lábẹ́ áásù (irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀), kí ẹ fi ẹsẹ̀ irin tó lágbára gbé e dúró. Jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù kò sì ṣeé lò nítorí ó máa ń fọ́ lójijì.

Táyà 9.00-20 yìí wúwo, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín gbé e. Rímù rẹ̀ lè jẹ́ irú èyí tó ní òrùka irin tó ń há táyà mọ́ inú. Ẹ má fi òòlù lu òrùka náà, ẹ má sì gbìyànjú láti ṣí i nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú táyà. Ó ti pa fọkanáísà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Odindi rímù ni kí ẹ yọ, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ṣíṣí dúrọ́ọ̀mù

Ẹ kọ́kọ́ àjọ́ọ̀sì ṣúù wọlé kí dúrọ́ọ̀mù lè bọ́, nítorí bó bá ti jẹ, á ní etí tí ṣúù máa há sí. Bó bá le, ẹ fi òòlù gbá a pẹ́pẹ́ yíká, kí ẹ má gbá ojú kan ṣoṣo.

Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Láínì àtijọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ṣúù tó ń fara gbún dúrọ́ọ̀mù, lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ẹ ti gbàgbé ọjọ́ náà. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ bo imú yín.

Ẹ wá wò ó fínnífínní. Ẹ fi súkúdíráfà ṣí etí róbà tó bo ẹnu sílíńdà. Bí inú rẹ̀ bá rin, sílíńdà ti ń jò, kò dìgbà tó bá ń kán sílẹ̀. Ẹ wo ìdí họ́ọ̀bù: bí gíríìsì bá ń yọ, róbà ìdí bíárìn ti lọ. Láínì tí ọ́ìlì tàbí gíríìsì bá ti mu kò ṣeé fọ̀. Mo mọ̀ pé nílé a máa ń da pẹtiróòlù sí i, a ó sì ṣáná sí i kí ọ́ìlì lè jó dànù. Ojú rẹ̀ á gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá gbóná lójú ọ̀nà, ọ́ìlì tó wà nínú lọ́hùn-ún á tún yọ síta, ẹsẹ̀ kan á mú, ẹsẹ̀ kan á yọ̀, tírélà á sì fẹ́ẹ́ yí. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí orí rífẹ́ẹ̀tì (ìṣó tó de láínì mọ́ ṣúù) bá ti fẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú láínì.

Sílíńdà, páìpù àti màsítà

Ẹ yọ sílíńdà kúrò. Ẹ ti písítìnì, róbà àti sípíríìnì rẹ̀ jáde, kí ẹ tò wọ́n sórí àkísà bí wọ́n ṣe jáde. Ẹ fi sípíríìtì fọ inú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kẹrosíìnì, pẹtiróòlù àti dísù kò gbọdọ̀ kan án, nítorí wọ́n máa ń mú kí róbà wú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mo sọ lókè yẹn. Bí ìpẹtà díẹ̀ bá wà, ẹ lè fi òkúta sílíńdà họ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ihò bá ti lu ara irin, tí èékánná yín há sí i, ẹ jù ú nù. Láyé òde òní, owó odindi sílíńdà tuntun kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ohun èlò àtúnṣe lọ, èmi kì í tún èyí tó ní ihò ṣe mọ́.

Ẹ fi irú ọ́ìlì bíréèkì tí ẹ fẹ́ lò pa róbà tuntun lára kí ẹ tó tì í wọlé. Ètè róbà á kọjú sí ọ́ìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọjú sí písítìnì. Ìgbà tí ẹ bá ń dá sílíńdà padà, ẹ rí i pé òkè ni nípù wà. Bí nípù bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè á máa wò yín, kò sí bí ẹ ṣe lè lé e jáde.

Họ́ọ̀sì róbà tó wà láàárín páìpù ara tírélà àti áásù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti sán. Bí kò bá tilẹ̀ sán, inú rẹ̀ lè ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì yóò fi máa kọjá lọ bí afẹ́fẹ́ bá tì í, tí kò sì ní lè padà. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ kì í tú, ẹ fura sí họ́ọ̀sì yìí. Páìpù irin tó ti pata, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ má lẹ̀ ẹ́.

Ẹ nu orí màsítà mọ́ kí ẹ tó ṣí i, nítorí iyanrìn kan ṣoṣo tó bá já sínú rẹ̀ ti tó. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, kí ẹ nu ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí ihò tín-ín-rín kan níbẹ̀. Ihò yìí ni ọ́ìlì ń gbà padà sínú màsítà tí bíréèkì bá tú. Bó bá dí, tàbí tí ọ̀pá ìkòkò afẹ́fẹ́ bá ti písítìnì débi tó fi bo ihò náà nígbà gbogbo, bíréèkì á máa fà, dúrọ́ọ̀mù á sì máa gbóná. Nítorí náà, àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá àti písítìnì nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní TM ní ìwọ̀n rẹ̀, ó ní ìwọ̀n bí ẹ ó ṣe mú nọ́ọ̀tì bíárìn le pẹ̀lú. Ẹ wá a, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, ẹ fi sínú ọ̀rá.

Àjọ́ọ̀sì ṣúù

Ẹ ti dá gbogbo rẹ̀ padà, bíárìn ti ní gíríìsì tuntun, dúrọ́ọ̀mù ti wọlé. Lẹ́yìn irin tó gbé ṣúù dúró, ẹ ó rí orí bóòtì kan fún ṣúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa yí dúrọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kan, kí ẹ máa fi sípánà yí bóòtì náà lọ́wọ́ kejì, títí ṣúù yóò fi kan dúrọ́ọ̀mù tí kò ní yí mọ́. Ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí dúrọ́ọ̀mù yóò fi yí láìfà. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣẹ́ẹ́rẹ́" níbì kan péré nínú ìyípo, kò burú. Ẹ ṣe ṣúù kejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì.

Bílíìdì gan-an

Ohun tí ẹ máa nílò kò pọ̀: ọ́ìlì tuntun tí a kò tíì ṣí, róbà funfun tó mọ nípù, ìgò, sípánà nípù, àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ní géèjì àti ohun tí a fi ń dín agbára rẹ̀ kù. Bí nípù bá ti pata, ẹ fi ọ́ìlì atúpata rin ín láti àná. Bó bá ṣẹ́ sínú, sílíńdà ti lọ nìyẹn.

Ẹ da ọ́ìlì sínú màsítà jẹ́jẹ́, kó máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń da ọtí ẹlẹ́fófòó sínú kọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ sílíkónì, ẹ má mi ike rẹ̀ rárá, kí ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ gbé e dé láti ọjà.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ṣàn. Ẹ tọ páìpù láti màsítà kí ẹ mọ ẹsẹ̀ tó jìnnà sí i jù, ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki róbà funfun bọ nípù, kí ẹ ri ẹnu kejì sínú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò, kí ẹ tú nípù ní ìdajì ìyípo, kí ẹ sì dúró. Á máa kán, á máa fófòó. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún màsítà. Bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ti fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀nà yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n ó lé èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ náà jáde láìsí ariwo. Ẹni tó bá ní ìkòkò bílíìdì tó ń fi ọwọ́ pọ́ńpù lè so ó mọ́ ẹnu màsítà pẹ̀lú agbára psi 10 sí 15 (psi ni ìwọ̀n agbára tí géèjì afẹ́fẹ́ ń fi hàn), á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ọmọ iṣẹ́ alágbára wa. Ẹ so kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mọ́ EMERGENCY kí táǹkì kún, kí fáàfù lè tú bíréèkì sílẹ̀. Ẹ so họ́ọ̀sì kejì láti ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà mọ́ SERVICE, ṣùgbọ́n kí ẹ dín ti SERVICE kù sí nǹkan bíi psi 30. Kọ́ọ̀kì tí ẹ máa lò fún SERVICE gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu mẹ́ta, tó máa ń da afẹ́fẹ́ inú họ́ọ̀sì síta bí ẹ bá tì í. Kọ́ọ̀kì lásán á há afẹ́fẹ́ mọ́ inú, bíréèkì kò ní tú, ẹ ó sì máa rò pé màsítà ló bàjẹ́. Mo ti fi wákàtí méjì wá àbùkù tí kò sí lára màsítà báyìí rí.

Ẹnì kan á wà nídìí kọ́ọ̀kì, ẹnì kan á wà nídìí nípù, ẹ ó sì máa pe ara yín:

1. Ẹni ìdí kọ́ọ̀kì á ṣí afẹ́fẹ́, á ké "Mo ti dì í!"
2. Ẹni ìdí nípù á tú u ní ìdajì ìyípo. Ọ́ìlì á fọ́n wọ inú ìgò.
3. Kí ọ̀pá tó rìn dé òpin, á tún nípù dé, á ké "Ó ti dé!"
4. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹni ìdí kọ́ọ̀kì lè tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Bó bá yá jù, nípù á fa afẹ́fẹ́ wọlé.
5. Ẹ dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ lè ka ení, èjì dé ẹ̀wá, kí ọ́ìlì lè padà sínú màsítà. Ẹ wo bó ṣe kún sí. Ẹ tún un ṣe.

Bí ọ́ìlì bá ń jáde láìsí ìfófòó nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún léraléra, ẹ bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. Ojú ni kí ẹ bò, nítorí ọ́ìlì tó ń fọ́n kì í kìlọ̀. Èyí tó jáde, ẹ má dá a padà sínú màsítà bó ti wù kó mọ́ tó.

Sílíkónì ní ìwà kan: ìfófòó tó wẹ́ bí eruku máa ń há sínú rẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ẹ fi tírélà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí àwọn kékeré yẹn lè kóra jọ gòkè, kí ẹ wá bílíìdì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kejì yìí ló máa ń yanjú ohun tí gbogbo ìrọ̀lẹ́ àná kò yanjú.

Ìdánwò

Ẹ bu ọ́ìlì dé ibi tó yẹ, kí ẹ dé màsítà, kí ẹ rí i pé ihò kékeré orí ìdérí rẹ̀ kò dí. Ẹ wá fún SERVICE ní psi 90, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ yọ́ rìn. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo oríkèé páìpù, kí ẹ wo àkísà náà. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ọṣẹ pa oríkèé afẹ́fẹ́ náà lára.

Ìgbà tí táǹkì bá kún, ẹ tú SERVICE sílẹ̀, kí ẹ yí dúrọ́ọ̀mù, á yí. Ẹ wá já họ́ọ̀sì EMERGENCY lẹ́ẹ̀kan náà. Bíréèkì gbọ́dọ̀ mú lójú ẹsẹ̀, dúrọ́ọ̀mù kò sì gbọdọ̀ yí mọ́. Bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tí kò mú rárá, fáàfù yẹn ni kí ẹ wá sí. Ẹ má gbé e jáde títí yóò fi mú. Èyí ṣe pàtàkì ju bílíìdì lọ, mo sì mọ ọ̀pọ̀ tó bílíìdì dáadáa tí wọn kò dán an wò rí.

Ẹ dá táyà padà, kí ẹ mú nọ́ọ̀tì le ní òdìkejì-sódìkejì. Ẹ fà á lójú ọ̀nà oko láìkó ẹrù, ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí láínì tuntun lè bá dúrọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Bí ọ̀kan bá gbóná tí ìkejì tutù, èyí tó tutù kò ṣiṣẹ́, tàbí èyí tó gbóná kò tú. Láínì tuntun máa ń jókòó, nítorí náà lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ẹ tún àjọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ẹ sì tún mú nọ́ọ̀tì táyà le.

Kí ẹ tó kó sípánà, ẹ wá ọ̀dà funfun díẹ̀, kí ẹ kọ irú ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ gàdàgbà sórí ìdérí màsítà, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún sí i. Ti tèmi wà níbẹ̀ báyìí: DOT 5.